Síkáàfù Abẹ́ Ìkòkò

Kò sí ìdọ̀tí tí apá Bàbá Báláú kì í ká. Òun ni alágbàfọ̀ àdúgbò. Bó ti wù kí aṣọ yín rí, funfun báláú lẹ máa gbà á padà. Iṣẹ́ yìí náà ló kó bá a. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ó wá nǹkan tí yóò fọwọ́ ṣe, kò rí. Ló bá kó gbogbo aṣọ ọmọ náà, ó fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ki imú bọ̀ wọ́n, òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́.

"Ẹ ti fọ ọmọ mi dànù," ló wí. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ejò tí ọmọ náà ń sìn ló kù, nínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kì í buni jẹ, àmọ́ ìyá ọmọ kì í sún mọ́ ọn. Nígbà ayé rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń kó nǹkan tuntun sínú àpótí náà fún un: ewé gbígbẹ, èèpo igi, èèpo ọsàn.

"Ahọ́n ló fi ń gbóòórùn, Bàbá mi. Tí kò bá rí nǹkan tuntun tọ́ wò, ayé á sú u," ọmọ náà máa ń wí.

Ayé ti wá sú u lóòótọ́. Kò jẹun mọ́. Bàbá Báláú kó ewé wá, ó kó èèpo ọsàn wá, kódà ó ju ìbọ̀sẹ̀ oníbàárà kan tí òórùn rẹ̀ ń lé èèyàn jáde nílé sí i, ejò ò yíjú wò ó. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, lásìkò tí ọmọ náà máa ń wọlé, ejò á yọ ahọ́n sí ẹnu ọ̀nà, á máa yí orí díẹ̀díẹ̀ títí dé àga tí ọmọ náà máa ń jókòó sí. Orí Bàbá Báláú á wú. Kò sẹ́ni lórí àga. Síbẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé bí ejò yìí bá kú, kò tún sí ohun ẹlẹ́mìí tí ọmọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò tí ejò ń sá sí lábẹ́ kúrò kó lè nu àpótí. Síkáàfù ọmọ náà ló bá níbẹ̀, ìpara irun ti rin ín. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e dórí garawa omi ọṣẹ. Ni òórùn ọmọ rẹ̀ bá kọ lù ú nímú.

"Ìyá ọmọ, máa bọ̀!" ó pariwo. "Mi ò tíì fọ̀ ọ́!"

Obìnrin náà sáré wọlé, ó já a gbà, ó bo imú mọ́ ọn, ó sunkún títí. Ejò gbórí sókè nínú àpótí, ó ń yọ ahọ́n sí ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọnú àpótí, ó tẹ́ síkáàfù padà sí àyè rẹ̀.

"Ẹ gbé ìkòkò lé e," ló wí. "Òun náà ń wá ọmọ wa."