Ọjọ́ Tí Mo Gba Tọ́ọ̀ṣì Lọ́wọ́ Ọkọ Mi

Òórùn dísẹ́lì àti ti fóòmù tó ti gbó ló kọ́kọ́ kí wa nígbà tí alàgbà ìjọ wa ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ náà fún wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. Àgbàlá ilé rẹ̀ ní Thamesmead, ní London, la wà, níbi tí àwọn ilé kọnkéré àtijọ́ ti dojú kọ ara wọn. Ó ti so nǹkan olóòórùn dídùn kan mọ́ iwájú dígí kó lè bo òórùn yẹn, ṣùgbọ́n kò bò ó. Van gígùn funfun ni, ẹnì kan sì ti tún inú rẹ̀ ṣe bí ilé: ibùsùn wà lẹ́yìn, síńkì kékeré kan, stóòfù olójú méjì, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé lójú gbogbo fèrèsé. Mo jókòó sórí ibùsùn náà, mo ń fi ìdí tẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ń wo táyà.

Ọ̀rẹ́ mi, kí o tó lè mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún wa, ó yẹ kí o mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú bárékè àwọn ológun ní Woolwich, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé ní tèmi, n kò sì mọ ọkọ̀ wà. Ó máa ń sọ pé gbogbo ìlú Òyìnbó tí òun mọ̀ kò ju ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá fẹ̀yìn tì, òun yóò gbé mi sínú ọkọ̀, a ó máa lọ títí a ó fi dé Scotland, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú wa sí ni a ó sùn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè sùn bí tẹlifíṣọ̀n ò bá pariwo?" Ṣùgbọ́n mo ti ń ra abọ́ oníke pamọ́ fún ìrìn àjò náà.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ojú ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà sọ pé glaucoma ni, pé èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà wá, pé èyí tó kù náà yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ ní tirẹ̀, àmọ́ wọn yóò tún ojú náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ló kù fún un nìyẹn. Kò sunkún. Ó kàn sọ fún mi pé, "Ìyàwó mi, a ò lè dúró di ìfẹ̀yìntì mọ́ o."

Nígbà tí alàgbà gbọ́, ó ní òun ní van kan tí òun fẹ́ tà. Lójú tèmi, àdúrà ti gbà. Daddy la máa ń pe alàgbà yìí, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é tí a ó fi gbójú sí i. Òun ló fún wa ní yàrá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí a ò mọ ibi tí a ó forí lé. N kò sì ní purọ́ fún ọ, nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀. Wọ́n fẹ́ yan olórí ẹgbẹ́ obìnrin tuntun lóṣù náà, orúkọ mi wà lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ Daddy ló sì máa ń borí.

Ìwọ náà mọ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn yí i ká, kí wọ́n wo iná, kí wọ́n wo táyà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ti wọ ọkọ mi lẹ́jẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó mú tọ́ọ̀ṣì wá láti ilé, ó fi páálí há abíyá, pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn rẹ̀. Ó tẹ́ páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ti kúnlẹ̀ pé kí òun dùbúlẹ̀, nígbà tí Daddy sọ̀rọ̀.

"Ah-ah, Brother! Police ni yín ni?"

Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lójú rẹ̀. Mo sáré tọ ọkọ mi lọ, mo sọ ọ́ sí i létí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ṣé Daddy la fẹ́ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí nídìí? Ẹni tó fún wa ní room!"

"Abẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ wò. Two minutes."

"Ẹ má dójú tì mí."

Ó wò mí. Mo nawọ́, mo gba tọ́ọ̀ṣì náà, mo jù ú sínú báàgì mi lórí Bíbélì. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Èmi wá kúnlẹ̀ níwájú Daddy, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, iṣẹ́ awakọ̀ ló ń dà á láàmú." Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, mo sì gbà pé ọwọ́ mi mọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Daddy da òróró sọ́wọ́, ó fi pa stíárìn, ó fi pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbàdúrà pé a kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ṣe àmín kíkan, a sì san owó ọkọ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, a gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa ṣe, ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì Òyìnbó kan ní Plumstead. Ẹrù wa ti wà nínú rẹ̀, gààrí, ẹran díndín, bùláńkẹ́ẹ̀tì, nítorí láti ibẹ̀ gan-an la fẹ́ gbéra. Mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, ó pe ọkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka ti irin gígùn tó ru gbogbo ọkọ̀ náà, irin sì rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Òyìnbó náà béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó wo abẹ́ ọkọ̀ yìí kí a tó rà á ni, pé ẹni tó bá tan iná sí i á ti rí i. Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó wò ó. Kò wo ibi tí mo dúró sí.

A padà tọ Daddy lọ. Ó fún wa ní mínírà, ó ní, "Èmi ò mọ abẹ́ ọkọ̀ o. Àbí ẹ bi mí ni, tí mo purọ́ fún yín?" A ò bi í lóòótọ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mo ṣì sọ pé, "Ẹ ṣé, sà," kí a tó jáde.

Ọkọ̀ náà kò yege, jíjó irin rẹ̀ mọ́ra ló sì gba gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Ọjọ́ tó bá wu ajórin ló ń wá. Ọkọ mi a lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà nínú ọgbà mẹkáníìkì, a fi awò ńlá ka máàpù, ojú ọ̀nà tí a ò ní tọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi yege, ewé ti ń já. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, lẹ́tà dé. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ van kúrò lára ìyókù, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ sùn.

Tọkọtìyàwó ọ̀dọ́ kan ló rà á lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Ní ti oyè ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n fún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é, mo sì fi í sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo bẹ ọkọ mi. Ó ní, "Dìde jàre. Èmi náà ló jọ̀wọ́ tọ́ọ̀ṣì." Ì bá sàn fún mi kó bú mi. Nísinsìnyí, èmi ni mo ń dì í lọ́wọ́ mú bí a bá fẹ́ sọdá títì, àwọn èèyàn a sì máa yìn mí pé mo mọ ọkọ tọ́jú. Àgbà méjì ló dúró nínú àgbàlá yẹn lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo kúnlẹ̀ fún.