Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Pelenato Jẹ

Fuatino kì í gba èèyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Ẹja tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ pa, á ṣí i létí wò kó tó gbà pé tútù ni. Òun ni àgbà ìdí ààrò olókùúta tí wọ́n fi ń yan ẹran ní abúlé wọn ní erékùṣù Savai'i, ibi tó bá sì kọjú sí ni gbogbo agbo ilé rẹ̀ ń dìbò sí.

Lọ́dún tí Pelenato gbégbá ìbò aṣòfin, ìfura Fuatino wá lé kenkà. Ọmọ Telesia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti dolóògbé, ni Pelenato. Ìjọ ọlọ́jọ́ keje ni Telesia ń ṣe, àwọn tí kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, orí àkéte ikú ló sì ti mú ọmọ rẹ̀ búra, lójú Fuatino, pé kò ní fi ìjọ náà sílẹ̀. Dákọ́nì Asomua, tó ń polongo fún ẹni tó ń bá Pelenato du ipò náà, wá ń sọ ọ́ lójúlé dójúlé pé bí ọlọ́jọ́ keje bá wọlé, ká dágbére fún ẹlẹ́dẹ̀ wa nìyẹn. Irú irọ́ wo nìyẹn! Àmọ́ Pelenato alára ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Fuatino lọ́jọ́ Àìkú, ó ń kọrin ju akọrin lọ. Èyí ló kọ Fuatino lóminú. Ta lọmọ yìí ń tàn jẹ, ṣé àwọn ni àbí ìyá rẹ̀?

Ó bá lọ bá Asomua. "Dákọ́nì, ẹ jẹ́ n yan ẹlẹ́dẹ̀ fún un níwájú àwọn ìjòyè. Ẹnu ẹ̀ á jẹ́wọ́."

Asomua rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀tẹ́ ti bá ọmọ náà.

Lọ́jọ́ tí àwọn ìjòyè àti ará abúlé bá Pelenato ṣèpàdé, wọ́n gbé ìpín ẹlẹ́dẹ̀ tó tọ́ sí àlejò pàtàkì síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kó jẹ ẹ́ o. Àwọn ìjòyè pàápàá, ilé ni wọ́n ń di tiwọn lọ, ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Fuatino tẹjú mọ́ ọn. Pelenato wo àwọn èrò, ó ya ẹran náà, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni.

Inú Fuatino bàjẹ́ gidigidi. Bó ṣe ń kó òkúta ààrò jọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá a: "Màmá, Pelenato la máa dìbò fún nìyẹn?"

Kò gbójú sókè.

"Ẹni tó gbé Ọlọ́run ìyá ẹ̀ mì nítorí ìbò, ṣé tiwa ló máa há a lọ́fun?"