Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Kọ Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, òwe kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu bàbá mi: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín ń fi ojú bá wí níwájú àlejò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, o sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá kí o dìde ni, bóyá kí o kúnlẹ̀ kí àlejò ni, tàbí kí o gbé ojú kúrò lára ẹran tó wà nínú abọ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ní láti sọ̀rọ̀ fún délẹ̀ kó tó gbọ́, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ìkìrun ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí. Trans-Amadi là ń gbé, torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́. Owó tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ilé kékeré tó ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Eneka, lẹ́yìn ìlú, ló ń fi sí. Fèrè bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jí wa láàárọ̀. Bàbá á bá mi sọ Yorùbá, èmi á fi Píjìn dá a lóhùn, nítorí Píjìn la fi ń ṣeré níta. Màmá mi ń ránṣọ nínú pálọ̀, orin ìlú wọn ló sì máa ń kọ sí ẹ̀rọ náà. Bí orin bá ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, a mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn, pé a lè lọ tọrọ nǹkan.

Èmi ọmọlúàbí yìí, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Bí wọ́n bá ti la ẹnu, mo ti sáré jáde. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá pè mí, ó ní, "Ìyábọ̀, lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì, kí o sọ fún un pé..." Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Gbogbo Sátidé la máa ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan tí wọ́n da ata olóròóró lé lórí, èwo ni kí n tún máa dúró gbọ́ sí? Mo gbé e délé, ó ń yọ èéfín. Bàbá sì dùbúlẹ̀ sórí àga, ó fọwọ́ ti ikùn. Ohun tó fẹ́ kí n sọ ni pé kí ìyá náà má sun tiwa lọ́jọ́ náà, nítorí inú ń run ún. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Láti orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń wo Màmá àti àwọn àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń jẹ bọ̀ọ̀lì náà. Màmá ní, "Ìyábọ̀, èyí tí ìwọ gbọ́ yìí ò tó àbọ̀ o." Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ata bọ̀ọ̀lì, apá a máa ro mí.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, àsìkò náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, tí àwọn olówó ń gbé e lọ́wọ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Bàbá ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù lẹ́yìn ọ̀gá pátápátá bí kò ṣe obìnrin tó ń bá ọ̀gá kọ lẹ́tà. Wọ́n fi mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lójú ọ̀nà Choba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ àti ṣọ́táńdì, ìyẹn ìkọ̀wé kíákíá tó ń fi ilà àti àmì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọ á rántí. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìtumọ̀ tirẹ̀, bí o bá tẹ pẹ́ńsù mọ́ ilà kan náà, ó ti di nǹkan mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dún létí lo ṣe máa kọ ọ́, èdè yòówù kó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀. Ìka mi le, ọrùn ń dùn mí, ìgbà tí iná bá wà nìkan ni fáànù ń yí, òógùn á sì máa kán sórí ìwé. Síbẹ̀, Màdáàmù Ibinabo, olùkọ́ wa, kò gba àwáwí. Ọmọ Kalabari ni, ó sanra, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ ṣe àpèkọ fún wa, á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ariwo pẹ́ńsù nìkan lo máa gbọ́.

Òfin méjì ló fún wa. Èkíní, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣíwájú rẹ díẹ̀, má sáré lé e. Èkejì, ohun tí o bá kọ, kà á padà fún ẹni tó sọ ọ́, títí á fi gbà pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ rí i pé kò sí ibi tí òfin yìí ti bá òwe bàbá mi mu?

Ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn lẹ́tà ilé-iṣẹ́ jọra púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, Màdáàmù ń pe lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdúpẹ́, pé ẹrù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa. Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo yára kọ ọ́ parí pé inú wa dùn, a ó tún máa rà lọ́dọ̀ yín, mo sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, mo ń wo àwọn tó kù bí ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n ní kí n kà á padà, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé ẹrù ti bàjẹ́, pé a ò ní rà lọ́dọ̀ yín mọ́ láéláé. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyábọ̀, na you be oga wey dey talk, abi na you be secretary? No dey finish person talk for am. E fit be say na for there him wan turn."

Mo wá ń fi Píjìn túmọ̀ òwe bàbá mi fún un, pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, "For your papa house, correct. For here, bring me the full one."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un. Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti di olùkọ́ mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti wẹ̀, tó ti mu ẹ̀kọ rẹ̀, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi ohùn Ìkìrun ka ìwé ìròyìn Òyìnbó sí mi létí. Bí ìròyìn kan bá bí i nínú, á bú olóṣèlú ní Yorùbá láàárín, ọwọ́ mi á sì ti kọ èébú náà mọ́ ọn. Nígbà tí mo bá ń kà á padà, á di ojú, á gbé ọwọ́ òsì sókè, á sì mú un dúró bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń kà á re. Bí mo bá ṣì í, ọwọ́ á wálẹ̀. Inú mi dùn láwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ju bí mo ṣe mọ̀ nígbà náà lọ.

Kí n tó parí ẹ̀kọ́ náà ni rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi níbi iṣẹ́. Ó padà ti ọsibítù dé, apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ń wá lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ dá, ó kán, ó dúró, ó tún kán. Gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà la sì fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá ti pe ọ̀rọ̀ kan, ẹnìkan á ti bá a parí rẹ̀: ṣé omi ni, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni, ṣé kí a gbé yín sókè? Á mi orí títí á fi rẹ̀ ẹ́. Mo rí omi lójú bàbá mi, ohun tí mi ò rí rí.

Ọ̀rọ̀ tó ń pè jù ni Ìkìrun. Àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Ìkìrun, ti ilé wá wò ó, ó sì gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Ó dá a lójú. Ó ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún wa yìí. Ilé ló fẹ́ lọ. Àgbà kì í fi òkú sí ẹ̀yìn odi." Wọ́n ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Màmá ń di ẹrù, orin rẹ̀ sì tún padà sẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà ìrìnàjò fún wa.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò náà, àwọn àgbà ń jẹun ní pálọ̀, èmi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá, mo ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò mi. Bàbá ní, "Ìkìrun." Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi, mo kọ ọ́. Ó dákẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n ní, bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀la là ń lọ. Mo rántí lẹ́tà ẹrù tó bàjẹ́, mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì dúró. Ìdúró náà pẹ́. Bàbá yíjú, ó rí pẹ́ńsù lórí ìwé, ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi pé ìwé ìròyìn ló ń kà fún mi. Ó ń dúró kí ọwọ́ mi bá a, èmi náà ń dúró kí ẹnu rẹ̀ bá mi. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, mo kàn ń kọ bó ṣe ń dún.

Nígbà tó parí, mo kà á padà fún un: "Ìkìrun dára. Ẹ má gbé mi lọ síbẹ̀. Eneka ni kí ẹ gbé mi lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi to búlọ́ọ̀kù ilé náà. Ẹ jẹ́ kí n sùn nínú rẹ̀." Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà lókè kí n tó kà á délẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀, mo ròyìn fún wọn. Bàbá Ìkìrun gba ìwé náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ èèrà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ?" Ó dìde, ó wọlé, ó ní kí n kà á lójú òun. Mo kà á. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń wo àbúrò rẹ̀, títí ìyẹn fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó bú sẹ́kún. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó padà sídìí àwọn àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù.

Ilé Eneka kò tíì ní ilẹ̀kùn nígbà náà, aṣọ la ta sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá gbé ibẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé, tó tún lọ. Ó gbọ́ pé mo yege ìdánwò mi, ó gbé ọwọ́ sókè. Ní òwúrọ̀ kan, ó lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé náà la sin ín sí.

Ayé ti yí. Kò sí ẹni tó ń bi mí léèrè ṣọ́táńdì mọ́. Ọmọkùnrin mi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù ń kọ ọ́, kódà kó tó sọ ọ́ tán, fóònù ti ń fi ọ̀rọ̀ tó kù hàn án kó mú. Nígbà tiwa, a ń kọ́ bí a ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ló ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́. Ó rọrùn, mi ò purọ́, èmi náà ń lò ó.

Ṣùgbọ́n Màmá ti dàgbà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà sì ti ń falẹ̀. Eneka ti di ìgboro, kẹ̀kẹ́ ń dún níwájú ilé látàárọ̀ dalẹ́. A ti gbin òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá, níbi tí gbogbo wa mọ̀ pé Màmá máa sùn sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní, "Ìkìrun." Ọmọ mi ti dá a lóhùn: "Grandma, you wan gist us about Ìkìrun?" Mo gbé ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Mo wá pẹ́ńsù kan, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo dúró.

Nígbà tó parí, mo kà á padà fún un: "Ìkìrun ni kí ẹ gbé mi lọ. Bàbá yín sọ tirẹ̀, ẹ sì gbọ́. Mo ti di ẹrù tèmi nígbà náà, mo tún tú u. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbéra. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun di ẹrù. Inú yàrá tí mo ti ń kọ èyí ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń kọ orin.