Èrò Òbí Lójú Ìwé Kẹtàlá

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ orúkọ àbísọ ọkùnrin yìí, á wádìí ẹ̀ tì. Gọ́ọ̀mù ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń pè é, torí gọ́ọ̀mù kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, ì báà wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán ìwé pọ̀, tó ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gé etí rẹ̀ kó lè gún. Ìwé tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde tó sì já, ẹni tó ni ín ló fà á ya.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ọmọ náà kò ti gbé e; ọ̀pá méjì tó ń há sábíyá ló fi ń rìn. Àmọ́ ọpọlọ wà níbẹ̀, ẹ má gbàgbé! Kò sí sáà tí kì í gba ipò kìíní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíláàsì tó kàn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn méjìlélógún, kò sì sí nǹkan kan tí èèyàn lè dì mú. Bẹ́ẹ̀, yàrá ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kó àga tó kán sí. Ohun kan ṣoṣo tí Gọ́ọ̀mù ń fẹ́ láyé yìí ni kí wọ́n kó àga náà kúrò, kí wọ́n gbé kíláàsì sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn dé ẹ̀yìn nígbà tí lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ èrò òbí kí àwọn tó ṣètò ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀.

"Háà! Ṣé wọ́n ti wá rántí pé a lẹ́nu?" ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó kọ èrò tirẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó bá lẹ́tà náà wá, ó tún ń lọ láti ilé dé ilé. Òbí mọ́kànlélógójì ló bá a fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé kíláàsì wá sísàlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún ìpàdé.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ kan dé sórí tábìlì rẹ̀: Ètò Ọdún Mẹ́ta, ogójì ẹ̀dà. Gọ́ọ̀mù kì í ka ìwé tó bá ń rán, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sí ojú ìwé kẹtàlá. "Èrò Àwọn Òbí" ni wọ́n kọ sókè ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn òbí péjọ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sọ tinú wọn, wọ́n sì fẹnu kò pé géètì tuntun, ọ̀dà tuntun àti pátákó ńlá ló jẹ àwọn lógún jù.

Ọjọ́bọ̀ wo? Èyí tí kò tíì pé? Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò tíì la ẹnu. Gọ́ọ̀mù gbé ìwé náà tọ ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ìyáàfin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Gọ́ọ̀mù, ṣé wọ́n ní kó o rán an ni, àbí wọ́n ní kó o kà á?"

Ibi tó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé, irú àṣìṣe tó jẹ́ pé aránwèé nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó ti ń rán ìwé látijọ́ yẹn gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọnú ìwé, tí wọ́n sì rán an pọ̀, ẹni tó ni ìwé ò lè sẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun ọ̀sán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tẹ ojú ìwé kẹtàlá mìíràn. Ohun tí òbí mọ́kànlélógójì béèrè ló kọ síbẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ló sì ṣáájú. Ó yọ ewé tiwọn kúrò nínú ogójì ẹ̀dà, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó rán an, ó gé etí rẹ̀. Ó rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ wọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́, obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, gbé ìwé náà sókè. "Ẹ̀yin òbí wa, gbogbo èrò yín ló wà nínú ẹ̀!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Gọ́ọ̀mù dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ka ojú ìwé kẹtàlá."

"Kò sí àkókò, Bàbá. Ó ti wà nínú ìwé."

Àwọn tó jókòó níwájú ń fi ẹ̀dà tiwọn fẹ́ra, torí fáànù ò ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń retí kí wọ́n wá lé e níṣẹ́. Ó tiẹ̀ ti to irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò sẹ́ni tó pè é. Géètì tuntun dé, wọ́n kun ilé-ìwé, wọ́n gbé pátákó ńlá nàró. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ bá ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ náà ní ọ́fíìsì.

"Ẹ ṣí ojú ìwé kẹtàlá, mà."

Obìnrin náà fa ìwé yọ, ó ṣí i, ó kà á láti òkè délẹ̀. Gọ́ọ̀mù ń retí ariwo. Ẹ̀rín ló rí. Ó yí ìwé náà sí i, ó fi ìka tọ́ka.

"Yàrá ìsàlẹ̀, òun náà nìyí. A kọ ọ́ sínú ẹ̀. Kí lẹ tún wá ń bínú sí, Bàbá?"

Ká ní obìnrin náà gbá Gọ́ọ̀mù létí ni, ì bá sàn. Àṣé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bá wọn tún irọ́ wọn ṣe, tó fi gún régé.

Lọ́jọ́ ìwọlé, ó pọn ọmọ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn méjèèjìlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, lẹ́yìn bàbá rẹ̀, níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀! Ọmọ náà fi ojú pamọ́ sí i lọ́rùn. Gọ́ọ̀mù gbé e jókòó, ó gbé ìgò omi ka iwájú rẹ̀, ó sáré lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó padà lọ́sàn-án, àwọn yòókù ti lọ. Ojú kan náà lọmọ jókòó sí. Omi kún ìgò dẹ́múdẹ́mú, ètè ọmọ ti gbẹ.

"Ìyá mi, o ò mumi látàárọ̀? Nínú ooru yìí?"

"Ìsàlẹ̀ ni ilé ìtọ̀ wà, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ó máa mọ́ mi lára."