Ìwé Tópẹ́ àti Ọbẹ̀ Tó Ṣì Wà Lórí Iná

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí ìkòkò ẹ̀gúsí kan ṣe yọ ọmọ wa nínú wàhálà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mo ń sọ!

Tópẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ń kàwé ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé kékeré kan, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó wúlò. Ibo ló máa ti dán an wò? Ọ̀dọ̀ wa ni! Àwa obìnrin tá a ti parí sẹ́kọ́ńdìrì láti ọjọ́ pípẹ́, tá a wá ń ṣe kíláàsì ní gbogbo Sátidé nítorí pé a fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ilé mi ló dé sí. Ó kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó pín bébà fún wa pé ká fàmì sí èrò wa: ṣé ìwé òun dára gan-an, ṣé ó dára díẹ̀, àbí kò dára?

Kí lẹ rò pé a mú? “Ó dára gan-an” ni gbogbo wa mú! Èmi náà mú un. Kí la tún fẹ́ mú? Àlejò ni, ọmọ ilé ni, ó sì tún ra búrẹ́dì fún wa. Màmá Rúkà tó ń ta obì ò tiẹ̀ ka ìbéèrè tán kó tó fàmì sí i. Ó tún kọ àdúrà sí ìsàlẹ̀ bébà.

Tópẹ́ fayọ̀ gbé e lọ fún ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ọ̀gá ní ìwé tí kò ní àléébù kankan, àfi kó jẹ́ ọ̀run ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá rí èsì gidi mú wá kí oṣù tó parí, òun ò ní fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó gboyè!

Ó bẹ̀ wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e pé ká bá òun wá àléébù. Gbogbo wa ní kò sí. Màmá Rúkà tiẹ̀ bínú. Ó ní ta ló ń sọ pé ìwé ọmọ àwọn ò dáa? Kó mú àwọn lọ bá ọ̀gá náà!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń se ẹ̀gúsí. Mo kán díẹ̀ sí Tópẹ́ látẹ́lẹwọ́ pé kó bá mi tọ́ ọ wò. Kò fi epo bọ iyọ̀ rárá.

“Àǹtí, iyọ̀ ò tó. Ata sì ti pọ̀ jù.”

Mo wò ó. “Ó dáa o! Tàná tí mo sè bákan náà ńkọ́, tó o ní ó dùn?”

“Hà, Àǹtí! Inú àwo ni tàná ti wà. Ta ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú ẹni?”

Ó wo ìkòkò tó wà lórí iná. Ló bá pariwo! Inú àwo ló ti ń bu ìwé rẹ̀ fún wa látọjọ́ yìí: ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti dì í, orúkọ rẹ̀ ń dán lára èèpo. Ta ló máa ní iyọ̀ ò tó?

Ní Sátidé kejì, bébà tí wọn ò tíì dì ló kó wá, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. “Ẹ̀yin ìyá mi, ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò.”

Yéè! Ẹnu ò dákẹ́ mọ́. Ọ̀kan ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà. Òmíràn béèrè ta ni Jọ́ọ̀nù inú àpẹẹrẹ rẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣé ó bá ará Ìkẹ́rẹ́ kankan tan ni? Màmá Rúkà ńkọ́?

“Ọmọ mi, o ní n má kọ ‘èmi’ sínú àròkọ mi. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo kọ ọ́. Ta ni kí n wá sọ pé ó sọ ọ́? Ṣé ará ulé kejì ni?”

“Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn.”

“Ṣàlàyé ìdí rẹ̀ síbẹ̀, jàre. Uyọ̀ ò tó!”

Tópẹ́ ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń bò ó. Kí oṣù tó parí, ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu àwa èèyàn yìí, ìdí ààrò ni kí ẹ pè wá sí, ẹ má pè wá sídìí tábìlì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tópẹ́ gbé ìwé tuntun náà wá ta mí lọ́rẹ. Jọ́ọ̀nù ti lọ, àgbẹ̀ kan tó ń sá kòkó ló wà níbẹ̀. Ó béèrè pé báwo ni mo ṣe rí i. Mo ní ó dára gan-an.

Ó fojú kan wò mí. “Àǹtí, ṣé ti orí iná lẹ sọ ni, àbí tinú àwo?”

Mo ní kó jókòó ká jẹun jàre!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti yìn rí torí pé ó ti wà nínú àwo? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bí èyí tí mo kọ yìí ò bá níyọ̀ tó, ẹ wí o. Orí iná ló ṣì wà.