Òkú Tó Ń Rìn Lọ́sàn-án

Ohùn dùùrù ló pè mí jáde nínú yàrá lọ́sàn-án Sátidé kan. Dùùrù náà ń dún ṣáá, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló háyà yàrá mẹ́rin nínú ilé mi ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ti mọ gbogbo irú ariwo tí wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n èyí kò jọ tiwọn. Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá Tóbi, ọ̀kan nínú wọn, níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wo òkú kan tó ń jáde bọ̀ nínú ibojì.

"Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù o," ló wí. "Fíìmù àtijọ́ ni. Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn sí i nígbà yẹn."

Mo ní ẹ̀rù kọ́ ló ń bà mí. Mo mọ òkú yẹn. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹ̀wù funfun tó wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀, mo mọ àtùpà ọwọ́ rẹ̀, mo sì mọ fèrèsé tó ń lọ dúró tì. Ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ni pé búlúù ni. Láti ẹnu ibojì títí dé àárín abúlé, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà búlúù bí ẹni pé wọ́n rì í sínú ìkòkò aró. Bí òkú náà ṣe wọnú ilé tí wọ́n tan àbẹ́là sí, gbogbo rẹ̀ yí padà, ó pọ́n bí ìyeyè.

Tóbi, tó ń kọ́ nípa eré ṣíṣe ní yunifásítì, ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní kámẹ́rà ayé ọjọ́un kì í lè ríran lálẹ́, nítorí náà inú oòrùn ni wọ́n ti ń ya ohun gbogbo, títí kan èyí tó jẹ́ pé òru ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Bí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á gé fíìmù náà, wọ́n á wá rẹ apá kọ̀ọ̀kan láró gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rẹ aṣọ: búlúù fún òru, àwọ̀ ìyeyè fún inú ilé tí iná wà, pupa fún ilé tó ń jó. Bí ojú aṣọ sinimá bá ti di búlúù, gbogbo ẹni tó jókòó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣòwò wá ń da irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò fún àwọn tó ń wò ó nílé, ọ̀pọ̀ wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu lórí aró. Dúdú àti funfun lásán ni wọ́n dà síbẹ̀, òru sì di ọ̀sán. Ó ní àìpẹ́ yìí ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àwọ̀ wọn kiri, tí wọ́n ń dá a padà sí i.

Ó sọ ọ́ tán, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi padà sí yàrá mi, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tí wọn kò tíì bí nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí n kò fi lè bá a rẹ́rìn-ín.

Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ilé wa fẹjú, èèyàn kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òórùn pákó tútù a máa fẹ́ wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àwọn obìnrin a máa bó obì lábẹ́ àjà, wọ́n a sì máa fi ọ̀rọ̀ àwọn aláìsí níbẹ̀ panu. Èmi nìkan ni ọmọdé tó wà láàárín àwọn àgbà wọ̀nyí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé ní aago kan, tí mo jẹun tán, ọ̀sán a gùn lójú mi bí ọ̀nà oko.

Àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Délé, ló gbé ẹ̀rọ fídíò wọ ilé náà nígbà tó ti ìlú òyìnbó dé. Tẹlifíṣọ̀n Màmá ló so ó mọ́, dúdú àti funfun sì ni tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ a máa ra rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara, a gbé e kọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Òkè rọ́bà náà búlúù, kí ó lè dà bí ojú ọ̀run. Àárín rẹ̀ pọ́n bí omi ọsàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ó lè dà bí koríko. Ó dára bí ó bá jẹ́ pápá ni wọ́n ń fi hàn. Bí ó bá jẹ́ èèyàn ló jókòó tó ń ka ìròyìn, irun rẹ̀ a búlúù, imú rẹ̀ a pọ́n, àyà rẹ̀ a sì tutù bí ẹ̀fọ́. Màmá kò rí àléébù kankan níbẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, a ní, "Aláwọ̀ lí tiwa o."

Lórí tẹlifíṣọ̀n yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí òkú ẹlẹ́wù funfun, lọ́sàn-án Sátidé kan, lórí ẹní. Sìkírá jókòó tì mí. Sìkírátù ni wọ́n ń pè é nílé kéwú, ọmọ bíríkìlà tí ògiri ilé wọn kan tiwa ni, ẹgbẹ́ mi ni, èmi sì ni mo pè é wá wò ó. Láàárín fíìmù náà, ìwé a máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú fún wa. Kí ó tó ka ìlà kan tán, ìwé náà a ti lọ, Bọ̀ọ̀dá a sì fi èyí tó bá wù ú parí rẹ̀.

Nígbà tí òkú náà jáde, kò sí nǹkan tó jọ òru níbẹ̀. Oòrùn ràn. Òjìji rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kúrú, ó dúdú. Rọ́bà ojú tẹlifíṣọ̀n sì fi ojú ọ̀run búlúù kan lé e lórí, ó tẹ́ koríko tútù sí i lẹ́sẹ̀. Màmá, tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé ọmọdé kì í dá rìn lọ́sàn-án gangan nítorí iwin, dìde lórí àga.

"Yéè, pàrìpà! Mọ ti sọ ọ́ fún yín! Ọ̀sán gangan lí án ń jáde!"

Ẹnì kan béèrè pé àtùpà wo ló wá gbé dání lọ́sàn-án. Màmá ní ohun tó mọ́lẹ̀ lójú alààyè, òkùnkùn ni lójú òkú. Ẹlòmíì ní kí ló dé tí gbogbo ará abúlé náà fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Kò sí ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn fún lọ́jọ́ náà, gbogbo wa sì gbà á gbọ́.

Ohun tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní eré ni pé aago méjì ọ̀sán ni Sìkírá ń lọ sílé kéwú. Àdúgbò Jàpárà ni ilé kéwú náà wà, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tó gba inú oko obì kọjá ni ó sì ń gbà, òun nìkan, pẹ̀lú wàláà rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Kò ju oṣù méjì lọ tó kù kí ó ṣe wólímọ̀. Àwọn ọmọ méje ni yóò jókòó síwájú gbogbo àdúgbò láti ka Àlùkùránì, kálukú pẹ̀lú ibi tirẹ̀, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Bàbá rẹ̀, tí kò mọ̀wé kankan, ti rán ẹ̀wù funfun tí yóò wọ̀. Kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé wọn tí kò sọ fún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sìkírá jáde nílé wọn ní aago méjì, ó yà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ní òun kò lè gba ọ̀nà yẹn. Ó ní kí n bá òun bi Bọ̀ọ̀dá bóyá lóòótọ́ lọ́sàn-án ni. Mo bi í. Bọ̀ọ̀dá fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní òru ni, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete. Èmi sì ti fi ojú ara mi rí òjìji nílẹ̀, mo sì mọ bí Bọ̀ọ̀dá ṣe ń túmọ̀ ìwé. Síbẹ̀, n kò ní fi irọ́ bo ara mi láṣọ. Kì í ṣe àìgbàgbọ́ ló dì mí lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un, yóò dìde, yóò sì lọ. Mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní Bọ̀ọ̀dá kò sí nílé.

Báyìí ló ṣe di pé Sìkírá ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi pèrun Alásárì. A ta òkòtó. A fi èèpo obì se ọbẹ̀ tí a kò jẹ. Kí kéwú má bàa bọ́ lórí rẹ̀, Sìkírá a máa kà á sókè fún mi lẹ́bàá kànga, èmi tí mò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè sì ń gbè é. N kò rí ọ̀sán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá rán mi sí Jàpárà, Alfa ilé kéwú sì dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ó ní Sìkírátù ńkọ́? Mo ní ibà ló dá a gúnlẹ̀. Ó jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé mo ti kọ́ ọ sórí.

Alfa jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ìwà jẹ́jẹ́ yìí ló sì tú wa fó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ kéwú mẹ́fà yòókù lẹ́yìn, ó gbé ìgò oyin dání, wọ́n wá ṣàdúà fún aláìsàn. Bàbá Sìkírá ń po sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ níwájú ilé. Ó ní, "Aláìsàn wo?" Ibi tí wọ́n ti dúró ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín wa láti ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá Sìkírá kò nà án. Ìbá sàn kí ó nà án. Ó di ẹrù rẹ̀, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ibíadé, létí omi, kí ọjọ́ wólímọ̀ tó pé. N kò rí Sìkírá mọ́. Mo gbọ́ pé ó lọ́kọ, mo gbọ́ pé ó bímọ, mo gbọ́ ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ibíadé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Lọ́jọ́ kejì tí mo rí àwọ̀ búlúù yẹn, mo gba nọ́ńbà Sìkírá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jàpárà, mo sì pè é. A kí ara wa títí, a béèrè ọmọ, a béèrè ara. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́. Mo ní òru ni, pé Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an, pé mo gbé e mì.

Mò ń gbọ́ adìẹ tó ń ké nílé rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀rù ọ̀hún è ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lára mi. Ilé yín lí mọ fẹ́ wà. Bí o bá sọ ọ́ fún mi, mọ ì bá bẹ̀ ọ́ ni, kí o má jẹ́ kí Bàámi gbọ́."

Oko obì yẹn ti di ilé báyìí, ọ̀kadà ń gba àárín rẹ̀ kọjá ní aago méjì ọ̀sán, ọmọdé kan kò sì bẹ̀rù iwin mọ́. Màmá ti lọ, Bọ̀ọ̀dá náà ti lọ. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá òru padà sínú fíìmù. Ọmọdé tó bá rí ẹni bá ṣeré kò tíì yí padà, yóò ṣì purọ́ kí ẹni náà má bàa dìde.

Nígbà tí a fẹ́ dágbére, Sìkírá ní kí n dúró. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe wólímọ̀, pé ibi tí òun ka Àlùkùránì dé lọ́dún náà ni òun ṣì wà. Ó wá béèrè bóyá mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ṣe tiwọn. Mo ní mo lọ, ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí.

"Ta lí ó wá ka tèmi?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹnì kan kà á. Mo ní kò sí ẹni tó kà á, Sìkírá. Alfa ṣí ewé náà kọjá, ọmọ tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní mo ṣeun tí mo sọ fún òun.