Ọkùnrin Arẹwà Tí Wọ́n Tì Mọ́lé Pẹ̀lú Wa

Òórùn ẹ̀lú kì í kúrò ní àgbàlá wa l'Átìkórí, nítorí aláró ni ìyá àgbà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Mamu ló ń ru ewé ẹ̀lú wá fún un, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Irùngbọ̀n kò hù sí i lójú, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa lé tìróò. Ìyá rẹ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò pé abẹ kò ní kan irun rẹ̀ títí yóò fi gbéyàwó, nítorí náà, dídì ni wọ́n ń dì í. Bó bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin á ní, "Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ò mà ṣàánú rẹ o, ẹrù ńlá yìí!" Ẹ̀rín ni yóò rín. Àwa obìnrin ní tiwa kàn ń wò ó ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ẹ. Bàbá wa ní òun kò lè fa ọmọ lé ọkùnrin tó dà bí obìnrin lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Orò bọ́ sóde. Gbogbo obìnrin sá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní àgbàlá nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àgbà tó ń ṣáájú Orò, rí irun dídì rẹ̀.

"Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kú ni? Wọlé!"

Ó tì í mọ́ wa, ó sì ti ilẹ̀kùn láti ìta.

A rò pé yóò pariwo. Ńṣe ló jókòó ti ìyá àgbà, ó gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ràn án. Ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Bí bàbá bá bá a láàárín wa báyìí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí nìyẹn.

Nígbà tí Orò lọ tán, bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ! O ò lẹ́nu láti sọ pé ọkùnrin ni ọ́?"

"Mo lẹ́nu, bàbá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n tì mí wọlé, àwọn ọ̀dọ́ sì dúró tì wọ́n. Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ò ríran mọ́. Ẹlòmíràn ni yóò máa ṣáájú Orò."

Bàbá wa ń wo òwú tó wé mọ́ ọn níka.

"Ìgbà wo ni àwọn èèyàn rẹ máa wá rí wa?"

Mo ti rí ọkùnrin púpọ̀ láti ìgbà náà, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ẹnì kan lẹ́wà, òun ni mo máa ń rántí, bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́ láàárín wa, tó gbà kí wọ́n pe òun ní obìnrin, kí arúgbó kan lè máa jẹ́ àgbà lọ.